Fílítà inú fóònù ń gbọ̀n, qubit náà ń gbọ̀n: kí ni wọ́n fi yàtọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Òkèyínmi, Adó-Èkìtì. Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn òyìnbó kan ti fi ohun kékeré tó ń gbọ̀n ṣe qubit, ìyẹn bíìtì kọ̀ǹpútà quantum. Ohun tó ń gbọ̀n ò ṣàjèjì sí mi. Crystal wà lórí gbogbo bọ́ọ̀dù tí mò ń tú, fílítà nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà wà níbẹ̀. Kí ló dé tí àwọn yẹn kì í ṣe qubit? Tí èèyàn bá gbé wọn sínú deep freezer ńkọ́? Àti pé, ṣé ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ kàn wá níbí, àbí ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú?

Ìdáhùn: Àbúrò, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí tábìlì rẹ rárá. Fílítà tí o dárúkọ yẹn, ìbátan rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ojú lásán lè rí, tí wọ́n sì fi hàn pé ó ń gbọ̀n lọ́nà quantum. Ní 2010 ni, ní yunifásítì California tó wà ní Santa Barbara, lọ́dọ̀ Andrew Cleland àti John Martinis. Aaron O'Connell, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, ló ṣáájú iṣẹ́ ọ̀hún. Martinis yìí wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní 2025, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn tó ti ṣe ṣáájú ìyẹn lórí iná àti wáyà ni wọ́n torí rẹ̀ fún un.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù. Crystal tí wọ́n kọ 32.768 kHz sí lára rẹ̀ nínú schematic (àwòrán bí iná ṣe rìn lórí bọ́ọ̀dù), òun ló ń bá fóònù ka aago. Quartz ni wọ́n gé tó fi di oníka méjì, ó sì ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ìdí tí wọ́n fi ń lo quartz ni pé bí o bá fún un níná, á fà. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, á mú iná jáde. Bí iná ṣe ń bá ìgbọ̀n sọ̀rọ̀ nìyẹn, tí ìgbọ̀n náà sì ń dá a lóhùn. Fílítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ PA (chip tó ń fún signal lágbára) àti áńtẹ́nà ní tirẹ̀ yára jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Nínú irú kan lára wọn, aluminium nitride tó fẹ́lẹ́ gan-an ni wọ́n tẹ́ sáàárín irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì. Òun náà ń fà, ó ń súnkì bí iná ṣe ń wọlé, ní bílíọ̀nù ìgbà mélòó kan láàárín sẹ́kọ́ńdì. Signal tó bá bá ìgbọ̀n rẹ̀ mu á kọjá, èyí tí kò bá a mu á kú síbẹ̀. Irú èyí ni wọ́n lò ní 2010, aluminium nitride náà ni, àfi pé tiwọn ń gbọ̀n ní nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́fà ìgbà ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn 6 GHz.

Nítorí náà, gbígbọ̀n kọ́ ni wàhálà. Nǹkan méjì ló kù tí fílítà rẹ kò ní.

Bíìtì inú fóònù, iná wà tàbí iná ò sí, 1 tàbí 0, ó tán. Nínú ohun tó ń gbọ̀n, 0 ni ìgbà tó dúró jẹ́ẹ́, 1 ni ìgbà tí ẹyọ ìgbọ̀n kan ṣoṣo bá wà nínú rẹ̀. Ẹyọ ni mo pè é, mo sì mọ̀ ọ́n mọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé agbára ìgbọ̀n kì í wọ inú nǹkan ní ìdajì tàbí ní ìdá mẹ́rin. Ẹyọ ẹyọ ló ń wọlé, ẹyọ ẹyọ ló ń jáde. Phonon ni wọ́n ń pe ẹyọ kan. (Àní nígbà tó bá wà ní 0 pàápàá, ìgbọ̀n díẹ̀ ṣì kù lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.) Ohun tó mú qubit yàtọ̀ sí bíìtì ni pé a lè fi í sí ipò tí 0 àti 1 jọ wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìwọ̀n tó bá wù wá. Ìgbà tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò ló tó mú ọ̀kan.

Ibi tí deep freezer rẹ ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ooru fúnra rẹ̀ ìgbọ̀n ni. Mú fílítà kan tó ń gbọ̀n ní 5 GHz. Ní 27°C, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Òkèyínmi, ooru nìkan ti kó nǹkan bí phonon 1,250 sínú rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án. Gbé e lọ sí Ìkógòsì, kí o rì í sínú omi gbígbóná ibẹ̀: bó bá tilẹ̀ gbóná dé 70°C, iye náà kò ní ju nǹkan bí 1,430 lọ. Wá gbé e sínú deep freezer, ní 18°C sísàlẹ̀ òdo: á di nǹkan bí 1,060. Ṣé o rí i? Lójú phonon, Ìkógòsì àti freezer fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibì kan náà. O fẹ́ mọ̀ bóyá ẹyọ kan wọlé, ẹgbẹ̀rún kan sì ti wà nínú ilé tí wọ́n ń pariwo. Owó iná lásán lo máa san.

Òtútù tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 0.01 kelvin, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún digírì sí òtútù tó burú jù tó lè wà láyé, èyí tó jẹ́ 273 digírì sísàlẹ̀ òdo. Bí òtútù yẹn bá wọ ohun tó ń gbọ̀n ní 5 GHz dáadáa, ó ṣòro kí phonon kan ṣoṣo ṣèèṣì wà nínú rẹ̀. Fíríìjì tó ń ṣe é, àpòpọ̀ helium oríṣi méjì ló ń lò, helium-3 àti helium-4. Àwo bàbà ńláńlá ló so kọ́ra wọn nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ló tutù jù. Kò yá rárá. Ó lè gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé ibi tí a ń sọ. Nínú irú fíríìjì bẹ́ẹ̀, crystal 32.768 kHz rẹ ṣì máa ní phonon tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, torí pé ìgbọ̀n rẹ̀ lọ́ra, ẹyọ tirẹ̀ kéré, ooru tó kéré jù lọ sì ti tó láti kún inú rẹ̀. Ìdí tí crystal ò fi lè dà á nìyẹn. Ohun tó bá kéré tó sì le ló ń gbọ̀n kíákíá, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí fi ń lépa ohun tí ojú ò fẹ́ẹ́ rí. Ọ̀nà mìíràn wà o: ní 2011, àwọn ará Amẹ́ríkà kan fi microwave, àwọn kan sì fi iná lésà, fa phonon tó kù jáde nínú ohun tó ń gbọ̀n. Fíríìjì ṣì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan rèé. Àwọn kan ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní quantum kiri ọjà àti ọgbà ìpàdé, wọ́n á ní kí èèyàn di irin kan mú kí wọ́n lè ka gbogbo àrùn ara rẹ̀ fún un láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìwọ tí o mọ bọ́ọ̀dù, bá wa tú ọ̀kan wò. Kò sí helium kankan níbẹ̀.

Mo ní nǹkan méjì ló kù. Òtútù ni èkíní. Èkejì ló le jù, òun gan-an sì ni ìròyìn tí o kà dá lé.

Ṣé o mọ gúdúgúdú? Bí onílù bá rọra lù ú, bó bá fi gbogbo agbára lù ú, ohùn kan náà ló ń dún. Ariwo rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, ohùn rẹ̀ kì í yí padà. Bí fílítà rẹ ṣe rí nìyẹn. Signal tó gbé e láti 0 sí 1, òun náà ló máa gbé e láti 1 sí 2, láti 2 sí 3, torí pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan dọ́gba pẹ̀lú èyí tó tẹ̀ lé e. O fẹ́ fi phonon kan sí i kí o dúró, àmọ́ kò sí ohun tó máa dá a dúró ní 1. Á kàn máa gbọ̀n lọ bí ohun gbogbo ṣe ń gbọ̀n. Ohun tí qubit ń fẹ́ ni ìlù tí ohùn rẹ̀ á yí padà gẹ́rẹ́ tí ẹyọ kan bá ti wọ inú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé signal tó ṣílẹ̀kùn fún ẹyọ kìíní ò ní bá ilẹ̀kùn kejì mu mọ́. Gbogbo ohun tó ń gbọ̀n láyé ló ní ìyípadà ohùn yìí díẹ̀ tí a bá fi agbára púpọ̀ lù ú. Lórí ẹyọ kan ṣoṣo, ìyípadà náà kéré débi pé kò sí ohun tó lè mọ̀ ọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ṣe ti 2010? Wọ́n yá ọgbọ́n. Wọ́n gbé qubit gidi sí ẹ̀gbẹ́ fílítà náà, èyí tí wọ́n fi wáyà tí iná ń gbà kọjá láìsí ìdènà kankan ṣe. Qubit oníná yìí mọ ẹyọ kan yàtọ̀ sí méjì. Wọ́n fi ẹyọ agbára kan sínú rẹ̀, wọ́n yí ohùn rẹ̀ kó bá ti fílítà mu, ẹyọ náà kọjá sọ́dọ̀ fílítà, ó di phonon, wọ́n sì gbà á padà. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ìgbọ̀n náà kì í ṣe qubit. Àlejò ló jẹ́ fún qubit. Phonon ọ̀hún kì í tiẹ̀ pẹ́: nǹkan bí nanosecond mẹ́fà ló ń lò kó tó pòórá, nanosecond kan sì jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdì. Láti ìgbà náà, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ń gbà. Ní 2022, ẹgbẹ́ Amir Safavi-Naeini ní Stanford so ìgbọ̀n ohun kékeré méjì pọ̀ lọ́nà quantum, tó fi jẹ́ pé a ò lè sọ ipò ọ̀kan láìmẹ́nu ba èkejì. Qubit oníná ló ṣì ṣe alágbàtà.

Kí ìgbọ̀n fúnra rẹ̀ tó lè di qubit, a gbọ́dọ̀ ba ìdọ́gba yẹn jẹ́. Ọ̀nà méjì ni mo máa sọ fún ọ.

Ọ̀kan ni carbon nanotube, ọ̀pá oníhò tí wọ́n fi átọ̀mù carbon nìkan hun, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nanomita kan sí mélòó kan. Ìbú ẹyọ irun orí ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá nanomita lọ, fìyẹn wọ̀n ọ́n. Wọ́n á ta á kọjá lórí kòtò tíńtín kan, wọ́n á di orí rẹ̀ méjèèjì mú, àárín á wà lófìfo kó lè gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi iná ṣe ibi méjì sínú rẹ̀ tí electron kan lè jókòó sí. Bí ọ̀pá náà bá tẹ̀, electron á fò láti ibi kìíní sí ibi kejì. Bó bá sì ti fò, á fa ọ̀pá náà padà. Líle ọ̀pá náà wá di ohun tó ń yí padà bó ṣe ń tẹ̀ tó, ohùn rẹ̀ kò lè dúró lójú kan mọ́. Fabio Pistolesi ní Bordeaux, Cleland tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àti Adrian Bachtold ní Barcelona ló kọ àbá yìí jáde ní 2021. Ní 2023, ẹgbẹ́ Bachtold fi hàn nínú láàbù pé ìyípadà ohùn náà pọ̀ gan-an lóòótọ́, nígbà tí nanotube ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù dé ibi tí phonon ò ti ní sí nínú rẹ̀. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò tíì wọlé.

Àwọn tó wọlé ni ẹgbẹ́ Yiwen Chu ní ETH Zürich, ní Siwitsalandi, ní oṣù kọkànlá 2024. Ìròyìn tí o kà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tiwọn. Awẹ́ sáfírè ni wọ́n lò, pẹ̀lú aluminium nitride díẹ̀ lójú rẹ̀, ìgbọ̀n náà sì ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú sáfírè ọ̀hún. Wọ́n mú qubit oníná kan tí wọ́n ń pè ní transmon, ọ̀kan tó wà lórí awẹ́ mìíràn, wọ́n dojú rẹ̀ kọ sáfírè náà. Àmọ́ dípò kí wọ́n jẹ́ kí ohùn àwọn méjèèjì bára mu kí wọ́n máa gba ẹyọ lọ gba ẹyọ bọ̀ bíi ti 2010, wọ́n mú kí ohùn wọn jìnnà síra díẹ̀. Phonon á wá dúró sínú sáfírè, àmọ́ ìwà transmon á ràn án díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ti tó. Ìyàtọ̀ láàárín ìgbésẹ̀ kìíní àti ìkejì fi ìlọ́po 6.8 ju ìwọ̀n tí ohùn náà fi ń ṣe bàìbàì lọ. Nọ́ńbà yìí ni kó o mú dání nínú gbogbo ìròyìn náà. Bó bá kéré sí 1 ni, ìgbésẹ̀ méjèèjì á wọ inú ara wọn, qubit ò sí. Nítorí pé ó ju 1 lọ dáadáa, wọ́n lè fi ìgbọ̀n náà sí 0, wọ́n lè gbé e sí ipò tó bá wù wọ́n láàárín 0 àti 1, wọ́n sì lè kà á.

Ẹnì kan lè sọ pé àyálò ni, pé transmon ṣì ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Mo gbà. Síbẹ̀, ibi tí phonon ń gbé ṣe pàtàkì lójú tèmi, inú sáfírè ló sì ń gbé. Bí ọ̀nà nanotube bá yọrí, ìyẹn á jẹ́ ti ìgbọ̀n tààràtà. Òun ni mò ń wò.

Kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún, nígbà tí qubit oníná ti wà? Ìdí kan ni àyè. Ìró ń rìn lọ́ra. Nínú silicon, nǹkan bí mítà 8,400 ló ń rìn ní sẹ́kọ́ńdì kan, tó fi jẹ́ pé ní 5 GHz, gígùn ìgbì rẹ̀ kò ju micromita 1.7 lọ (micromita kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Ìgbì rédíò ní 5 GHz kan náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lójú ọ̀run. O ti mọ ohun tí ìyẹn já sí: ìdí nìyẹn tí fílítà fi lè kéré tó bẹ́ẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, tí áńtẹ́nà ò sì lè kéré bẹ́ẹ̀. Ìdí kejì ni pípẹ́. Ní 2020, ẹgbẹ́ Oskar Painter ní Caltech gbẹ́ silicon kan lọ́nà tí ìgbọ̀n ò fi ní rọ́nà sá jáde, phonon sì pẹ́ nínú rẹ̀ tó sẹ́kọ́ńdì kan ààbọ̀. Ní 5 GHz, ìyẹn ju bílíọ̀nù méje ìgbọ̀n lọ. Fi wé nanosecond mẹ́fà ti 2010. Ìṣòro tó kù ni pé bí phonon tilẹ̀ pẹ́, ohùn rẹ̀ ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbà tí ìrántí quantum inú rẹ̀ fi ń wúlò sì kúrú ju ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ. Àbùkù inú ohun èlò náà ló ń fa ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, má retí pé ohun tó ń gbọ̀n máa lé qubit oníná kúrò nídìí iṣẹ́ lọ́la. Ní oṣù kejìlá 2024, Google gbé chip oní-qubit 105 jáde, oníná ni gbogbo wọn. Ti Zürich jẹ́ ẹyọ kan. Bí wọ́n bá bi mí, mo máa ní ìrántí ni iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ jù, kó máa bá qubit oníná tọ́jú ọ̀rọ̀ pa mọ́. Èkejì ni wíwọn ohun tó kéré jù, torí pé ohun tó ń gbọ̀n máa ń gbọ́ ìfà tíńtín tí ohun mìíràn ò lè gbọ́. Fóònù quantum ní tirẹ̀, gbàgbé ẹ̀. Kọ̀ǹpútà quantum kì í ṣe kọ̀ǹpútà tó kàn yára. Àwọn ìṣírò kan pàtó ló mọ̀ ọ́n ṣe, bíi bí molecule ṣe ń hùwà.

Ní ti pé ṣé ó kàn wá: fíríìjì helium tí iná gbọ́dọ̀ máa wà fún tọ̀sán tòru, n ò ní parọ́ fún ọ pé a máa gbé e kalẹ̀ ní Adó lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ yìí, orí laptop ni wọ́n ti ń ṣe é. QuTiP wà, software tó ń ṣe ìṣírò quantum, ọ̀fẹ́ ni, lórí Python. Bó o bá mọ mátírìsì díẹ̀, wàá lè kọ ìgbésẹ̀ tó dọ́gba àti èyí tí kò dọ́gba, kó o sì fojú ara rẹ rí bí signal ṣe ń kọjá 1 nínú ọ̀kan tó sì ń dúró nínú èkejì. Ìdajì yòókù, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Kí èèyàn dojú awẹ́ méjì kọra lábẹ́ microscope, kí pádì bára mu, kí eruku kan má sì há sáàárín, ìwọ tí ò ń ṣe reball IC (títún bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀dì abẹ́ chip tò) mọ ohun tí mò ń wí. Mo ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tó mọ gbogbo ìṣírò tán, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n ju qubit lọ.

Bó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, wá NanoVNA kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń dáhùn sí signal, kì í wọ́n bí irinṣẹ́ láàbù. Tú crystal 26 MHz jáde lára bọ́ọ̀dù àtijọ́ tó ti kú, èyí tó wà nítòsí network IC. Mú kí NanoVNA rìn kọjá 26 MHz díẹ̀díẹ̀, wàá rí i tí ìlà náà yọ sókè ṣóńṣó níbi tí crystal ti ń gbọ̀n. Pín 26 MHz fún ìbú ṣóńṣó náà, ìyẹn á fi hàn ọ́ bí iye ìgbà tí crystal ń gbọ̀n kí ìgbọ̀n náà tó kú ṣe pọ̀ tó. Nọ́ńbà yẹn ni àwọn ará Caltech ń lé. Mú irin gbígbóná sún mọ́ ọn láìfọwọ́ kàn án, ṣóńṣó náà á yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Nínú láàbù tó ní irinṣẹ́ tó lágbára ju èyí lọ, tí wọ́n bá fi iná púpọ̀ lù ú, ṣóńṣó náà á fi ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀, kò ní dúró ṣánṣán mọ́. Títẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ará Zürich àti Barcelona ń wá, àfi pé phonon kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ kó fà á. Iná tó bá pọ̀ jù máa ń fọ́ crystal o, nítorí náà má fi ti kọsítọ́mà dán an wò.